Róòlù Tó Fúyẹ́

Abẹ́rẹ́ gbé róòlù wáyà kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ìkejì sí ọwọ́ òsì, ó sì dúró ṣánṣán láàárín yàrá ẹ̀rọ bí òṣùwọ̀n.

"Sájẹ́ǹtì," ó ní, "wá bá mi gbé e wò."

Mo gbé e wò. Ohun kan náà ni wọ́n kọ sára méjèèjì: kìlómítà mẹ́rìnlá. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Ọ̀kan wà lórí pẹpẹ, wọn ò tíì lò ó rí. Ìkejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ẹ̀rọ láàárọ̀ yẹn, kí ọjà tó ṣí. Èyí tí wọ́n yọ yẹn ṣe fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ mi, bíi páálí bàtà tí wọ́n ti mú ẹsẹ̀ kan kúrò nínú rẹ̀.

"Èyí fúyẹ́, Mà."

"Ó fúyẹ́." Ó kọjú sí Alága tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi wá olè nínú kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó rántí gbé nǹkan wò."

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń so wáyà tẹlifóònù kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ti fẹ̀yìn tì nísinsìnyí tí mò ń sọ ìtàn yìí. Ó tín-ín-rín, kò ga, ohùn rẹ̀ kò sì ju ohùn ẹni tó ń kírun lọ. Àwa tá a bá a ṣiṣẹ́ la sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, nítorí bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Mo ti rí adìẹ tó gbé e mì. Wọ́n ṣì wà lẹ́wọ̀n.

Ilé-iṣẹ́ Alága ló ń bá àwọn nọ́ọ̀sì, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ojú irin fi owó ìfẹ̀yìntì wọn ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Lókè, lórí wa, àwọn oníṣòwò mẹ́rìndínlógún jókòó ti kọ̀ǹpútà, iye ọjà ń ṣàn kọjá níwájú wọn, á ṣe àwọ̀ ewé bó bá gòkè, á pọ́n bó bá wálẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì pé àwọn fẹ́ rà, iye nǹkan náà á ti fò sókè kí ọwọ́ wọn tó bà á. Ẹnìkan ń sá ṣíwájú wọn. Lójoojúmọ́ ni owó àwọn arúgbó ń jò.

"Mi ò tíì mọ ohun tí róòlù ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí," ni mo wí.

Abẹ́rẹ́ jókòó lórí àpótí irinṣẹ́. "Ká ní o fẹ́ ra gbogbo símẹ́ǹtì tó wà nílùú. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló ń tà á. Ọ̀kan wà ní ìkòríta yìí, ìkejì wà lẹ́yìn odò. O rán ìránṣẹ́ méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìkòríta dé kíá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ á mọ̀ pé mo ń kó símẹ́ǹtì."

"Bí ẹni náà bá ní alùpùpù ńkọ́?"

"Á sá dé ẹ̀yìn odò ṣáájú ìránṣẹ́ mi kejì, á kó tibẹ̀, á wá tà á fún mi lówó gọbọi. Olórí burúkú!"

"Ó yé ọ. Báwo lo ṣe máa dènà rẹ̀?"

Mo ronú díẹ̀. "Màá ní kí ti ìkòríta kọ́kọ́ yí ìlú ká, kí àwọn méjèèjì lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà."

"Wò ó, o gbọ́n ju bó o ṣe ń ṣe lọ." Ó fọwọ́ lu róòlù náà. "Ọjà ìpín méjì ni wọ́n ń rán àṣẹ sí láti ibí. Ọ̀kan wà nítòsí, ìkejì fi kìlómítà mẹ́rìnlá jìnnà jù ú lọ. Iná ló ń gbé àṣẹ náà gba inú wáyà dígí yìí, kì í tiẹ̀ gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wọn, ìyẹn ti pẹ́. Róòlù yìí ni yíyí ìlú ká. Ẹnìkan ti gé e kúrú, ó sì ti sọ fún oní-alùpùpù, ìyẹn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá wọn díje."

Alága na ìka sókè bí ẹni tó borí ẹjọ́. "Ìyá Ìbejì nìyẹn, òṣìṣẹ́ tí mo ní kó lọ jókòó sílé! Káàdì rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn yìí ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Òun náà ló kọ ètò tó ń rán àṣẹ lọ sọ́jà. Ẹ ti bá mi parí ẹ̀. Ní Ọjọ́ Ẹtì, bí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó tán, ilé ẹjọ́ ló kàn."

"Ọjọ́rùú la wà yìí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká lo ọjọ́ méjì yẹn tán."

Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ẹnu róòlù tó fúyẹ́ náà. Okùn òwú funfun kékeré ni wọ́n fi so ó, kókó rẹ̀ sì ṣàjèjì sí mi: ó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gba abẹ́ ara rẹ̀ jáde bí ejò tó ń wá ihò. Ike ni wọ́n fi so ti róòlù tuntun.

"Yà á," ó ní. Mo fi fóònù mi yà á.

*

Ọkùnrin tó ń tọ́jú gbogbo wáyà ilé náà wà nísàlẹ̀, nínú yàrá kan tó kún fún irinṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá Wáyà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Òun ló tọ́ ọ nígbà táwọn òbí wọn kú, òun ló rán an níléèwé, òun náà ló mú un wọ ilé-iṣẹ́ yìí.

Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ róòlù, ó fọwọ́ bojú.

"Àbúrò mi yìí! Ta ló bá a dábàá irú èyí?"

"Bí èèyàn bá gé wáyà dígí, báwo ló ṣe ń so ó padà?" ni Abẹ́rẹ́ bèèrè.

"Ẹ̀rọ kan ló ń jó ẹnu rẹ̀ pọ̀, Mà. Ọ̀kan ṣoṣo la ní, inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí ló ń wà, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àmọ́ kò sí nílé ní Sátidé yẹn. Mo ti gbé e lọ fún àtúnṣe ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú. Ó ní láti jẹ́ pé ó yá tẹlòmíì lò."

"Ẹ ṣeun."

"Mà, ẹ jọ̀wọ́." Ó dìde, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ Alága. Ọmọ ọdún méje làwọn ìbejì yẹn. Kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, kó tán síbẹ̀. Kí wọ́n má fi ẹ̀wọ̀n kún un."

Nígbà tá a jáde, àánú rẹ̀ ti ṣe mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n dáadáa ni."

Lórí àtẹ̀gùn, Abẹ́rẹ́ yíjú sí mi. "Sájẹ́ǹtì, bí wọ́n bá pe àbúrò tìrẹ lólè, kí lo máa kọ́kọ́ sọ?"

"Màá ní irọ́ ni."

"Èyí ti fo 'irọ́ ni' dá. Ó ti dé 'ẹ ṣàánú' kí a tó bi í."

*

Ìyá Ìbejì ń lọ aṣọ iléèwé nígbà tá a wọlé. Ilé rẹ̀ wà ní àjà kẹrin, ó mọ́ tónítóní, irú mímọ́ ilé ẹni tí wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Kó tó ní ká jókòó ló ti bẹ̀rẹ̀:

"Mi ò mọ nǹkan kan, Mà. Ohun tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ṣì ń sọ. Ọjọ́ Sátidé yẹn, mo wà nílé, mo ń fọṣọ. Káàdì mi wà nínú báàgì. Kí wọ́n ka ètò tí mo kọ láti òkè délẹ̀! Bí wọ́n bá rí lẹ́tà kan tó wọ́, kí wọ́n so mí mọ́gi."

"Wọn ò rí nǹkan kan nínú ètò rẹ," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Wáyà ni wọ́n gé."

"Wáyà?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi? Mà, bí iná fóònù mi bá bàjẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi ló ń bá mi tún un ṣe."

Abẹ́rẹ́ ṣẹ́wọ́ sí mi. Mo fi àwòrán kókó náà hàn án.

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́jú, ó sún un sẹ́yìn. Ó wò ó títí áyọ́ọ̀nù fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó aṣọ, èmi ni mo sáré gbé e kúrò.

"Ǹjẹ́ o mọ kókó yìí?"

"Rárá, Mà."

"Ta ló wá sílé yín ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sátidé yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó wá."

"Iṣẹ́ wo ni bàbá yín ṣe kí wọ́n tó kú?"

Ìbéèrè náà bá a lójijì. "Wọ́n ń di ẹrù sórí lọ́rì. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Bá wa kí àwọn ìbejì."

Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, kò sì sọ pé òun ò jẹ̀bi mọ́. Mo sọ ọ́ fún Abẹ́rẹ́ bá a ṣe wọ ọkọ̀: "Ọ̀rọ̀ ti yí, Mà. Ìgbà tó rí kókó yẹn lẹ̀rù bà á. Òun ló so ó."

"Ẹ̀rù kọ́ ni mo rí lójú rẹ̀." Ó ṣí fáìlì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ka ohun tó sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́."

Mo kà á. Ìwé náà ní: *Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa, ó ra ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ.*

"Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Lónìí, kò sẹ́ni tó wá. Olè máa ń purọ́ láti fi bo ara rẹ̀. Irọ́ tòní yìí ò bò ó rárá, ó tún ṣí i sílẹ̀ ni. Ta ni irọ́ náà wá ń bò?"

Mo pa fáìlì náà dé.

"Adẹrù-lọ́rì bí ọmọ méjì," ó ní. "Ó kọ́ wọn ní ìdè kan tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin rẹ̀ rí ìdè náà níbi tí kò retí. Ó mọ̀ pé òun kọ́ ló so ó."

*

Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe náà fún bí ihò eku. Obìnrin tó ni ín fi gíláàsì sí ojú kan bí ẹni tó ń tún aago ṣe.

"Ẹ̀rọ ìjówáyà Bọ̀ọ̀dá Wáyà? Mo rántí. Ó gbé e wá ní Ọjọ́ Ajé." Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fìka tọ́ ọ. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ ààbọ̀. Kódà, mi ò tíì ṣílẹ̀kùn tán."

"Kì í ṣe Ọjọ́ Ẹtì?"

"Mà, n kì í sí níbí ní Ọjọ́ Ẹtì. Ìyá mi ni mo máa ń gbé lọ sọ́sibítù."

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ náà?"

Obìnrin náà yọ gíláàsì. "Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì nìyẹn. Kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n kàn nu gbogbo ohun tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ dànù, kó dà bí tuntun. Nígbà gbogbo tí ẹ bá fi jó wáyà, ó ń kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ṣé ẹ rí i?"

"O sì nù ún."

"Mo nù ún. Àmọ́ mo kọ́kọ́ dà á kọ. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọbí ni mo máa ń da inú rẹ̀ kọ, nítorí oníbàárà. Ọ̀kan bú mi lọ́dún tó kọjá pé mo sọ iṣẹ́ òun nù. Láti ìgbà náà, àdúrà ni mo fi ń gba oníbàárà gbọ́."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn wà nísàlẹ̀ pátápátá: Sátidé, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún.

Mo ní ká lọ mú un lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ mi orí.

"A ti mọ ẹni tó gé wáyà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ní kí Alága lọ wo àkọsílẹ̀ káàdì. Ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí ní ìgbà igba lọ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó kàn ń kà á."

*

Ní Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a péjọ sí ọ́fíìsì Alága: Abẹ́rẹ́, èmi, Alága, àti Bọ̀ọ̀dá Wáyà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹ̀rọ ìjówáyà wà lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ ò tíì la ẹnu nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Ìbejì wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Alága, èmi ni mo gé wáyà náà," ó ní. "Ẹ má yọ ẹlòmíì lẹ́nu. Mo ti wá."

Alága wo Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bọ̀ọ̀dá Wáyà wo ilẹ̀.

"Ó dáa," ni Abẹ́rẹ́ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀rọ tó o fi so ó padà nìyí. Jọ̀wọ́, tàn án fún wa."

Ìyá Ìbejì sún mọ́ tábìlì. Ó tẹ bọ́tìnì kan, ìdérí ẹ̀rọ náà ṣí. Ó tẹ òmíràn, ó pa dé. Ó gbé e yí, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó tún tẹ bọ́tìnì àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà kò tàn.

"Tó bá ti tó, ẹ jẹ́ kó jókòó," ni mo wí. Mi ò lè wò ó mọ́.

Abẹ́rẹ́ fà á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "O ti rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣe é, pé ẹ̀rù bà á ló fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n ní ìwọ ni. O ní, 'Ó tọ́ mi dàgbà, ẹ jẹ́ kí n gbà á là.' Àbí?"

Ìyá Ìbejì ti ẹ̀rọ náà kúrò níwájú ara rẹ̀.

"Alága, ta ló ní kẹ́ ẹ wo àkọsílẹ̀ káàdì?"

Alága wú ikọ́. "Ẹnìkan kọ̀wé sí mi ní bòókẹ́lẹ́. Mo ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ kàn mú ìwé náà wá."

Ó wò yíká, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé kan jáde. Abẹ́rẹ́ ò kà á. Ó fi lé Ìyá Ìbejì lọ́wọ́. Láti ibi tí mo dúró, mo rí i: ìwé àfọwọ́kọ ni, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó dúró gágágá.

Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ. "'Alága, pẹ̀lú ọkàn ìbànújẹ́ ni mo fi kọ ìwé yìí. Mo ti rí àbúrò mi pẹ̀lú àwọn èèyàn ilé-iṣẹ́ kejì nígbà méjì. Ó tún bi mí léèrè ọjọ́ tí kì í sí èèyàn ní yàrá ẹ̀rọ. Ẹ wo àkọsílẹ̀ káàdì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́...'"

Ó dúró. Ó tún wo ọjọ́ tó wà lókè ìwé náà. Kò sẹ́ni tó tíì fura sí Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ yẹn.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "kì í ṣe pé ẹ kàn dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ nawọ́ sí mi."

"Alága ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí," ni ọkùnrin náà wí. "Wọn ò bá dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé wọn ò ní rí nǹkan kan nínú iṣẹ́ rẹ, pé wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀."

"Ìwé ìtàn tẹ́ ẹ rà wá fún àwọn ọmọ ńkọ́? Nítorí káàdì inú báàgì mi lẹ ṣe wá, tẹ́ ẹ sì dá a padà kí n tó mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé orí sókè. Ìbínú ló fi sọ̀rọ̀.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fa wáyà nílé yìí! Èmi ni mo mú ọ wọlé. Èmi ni mo fi ibi tí wọ́n ń gbà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn ọ́. Lónìí, bí mo bá fẹ́ gba ìsinmi ọjọ́ kan, ìwọ lo ń fọwọ́ sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ kejì ní àwọn á fi mí ṣe ọ̀gá lọ́hùn-ún, wọ́n ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ó ń dùn yín."

"Kí n wá sọ kí ni? Fún àbúrò mi?"

Ìyá Ìbejì ká ìwé náà, ó fi lé orí tábìlì, ó sì rọra tì í lọ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é, ó ní kó padà wá láti Ọjọ́ Ajé. Ìyá Ìbejì ò wo ibi tí Alága wà. Mo dìde, mo ní kí Bọ̀ọ̀dá Wáyà bá mi kálọ.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sílẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, oòrùn ń wọlé sórí tábìlì. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè láìṣíyèméjì: aago, ọjọ́, báàgì, káàdì. A wá kan ìlà tó kẹ́yìn.

"Ìbáṣepọ̀ ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn," ni mo kà. Ojú tì mí. "Ẹ lè fò ó bí ẹ bá fẹ́. Ọ̀gá mi ò ní sọ nǹkan kan."

Ó fẹ̀yìn ti àga. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ̀yìn sí wa, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Rárá, ẹ kọ ọ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí ẹ bá kọ 'alábàáṣiṣẹ́' síbẹ̀, ẹni tó bá kà á á rò pé wáyà nìkan ló gé."

Mo kọ ọ́. Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì bi mí ní aago tó lù, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde níléèwé.